Ẹ̀gbọ́n Mi, Èmi, àti Atẹ́gùn Naxos

Oṣù Kẹta ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fi àwòrán kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp: ilé funfun, òrùlé róbótó aláwọ̀ búlúù, òkun rẹrẹ nísàlẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, “Ibí ni n óò ti ṣe ọjọ́ ìbí àádọ́ta ọdún mi nínú oṣù Kẹsàn-án. Lọ ṣètò ẹ̀.”

Àbúrò kì í gba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kó kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n mo mọ ibi tí wọ́n ń wí: erékùṣù Santorini, nílẹ̀ Gíríìsì. Ó dùn ún wò lóòótọ́, ṣùgbọ́n òkè tó ń yọ iná ni, ó bú gbàù ní nǹkan bí 3,600 ọdún sẹ́yìn, àárín rẹ̀ wó lulẹ̀ sínú òkun, ohun tó ṣẹ́ kù ni bèbè gíga tí àwọn ilé funfun wọ̀nyẹn jókòó lé. Etíkun rẹ̀, bíi Perissa àti Kamari, iyanrìn dúdú ló wà níbẹ̀. Tí oòrùn ọ̀sán bá ti pa á, kò ṣe é fẹsẹ̀ lásán tẹ̀. Àwọn èrò tí ọkọ̀ ojú omi ńláńlá ń já síbẹ̀ lójoojúmọ́ kò sì ṣe é kà.

Mo pè wọ́n. “Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé fọ́tò lẹ fẹ́ ni àbí òkun?”

“Méjèèjì.”

“Tó bá jẹ́ òkun, ẹ jẹ́ ká lọ sí Naxos, erékùṣù Gíríìsì mìíràn.”

“Ta ló ń gbé ibẹ̀?”

Èmi náà ò mọ ẹnì kankan níbẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé iyanrìn rẹ̀ mọ́, ó kúnná, láti Agios Georgios lẹ́bàá ìlú títí dé Agios Prokopios, Agia Anna àti Plaka. Wọ́n ń dáko níbẹ̀, wọ́n ń sin ẹran. Pòtétò àti wàràkàṣì wọn lókìkí ní gbogbo Gíríìsì. Ibi tí oúnjẹ bá ti ń hù, ebi ò ní pa àlejò.

Ẹ̀gbọ́n mi ti di ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, báàgì lásán ni wọ́n fẹ́ gbé. Èmi tí mo ṣì ń lo páspọ́ọ̀tù aláwọ̀ ewé tiwa ni mo ń wá físà Schengen, èyí tó ń gbani wọ ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù, kiri: 90 yúrò owó físà, ìwé báńkì, ìwé ibi iṣẹ́, ìwé adójútòfò tó lè san 30,000 yúrò bí àìsàn bá kì mí mọ́lẹ̀, ìwé ibi tí n óò sùn lálaalẹ́. Òfin gbà kéèyàn kó ìwé wọlé láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìnàjò. Ẹ tètè lọ o. Hòtẹ́ẹ̀lì tó ṣe é fagi lé láìsan owó ni mo mú, torí mi ò lè fi owó mi ta tẹ́tẹ́ lórí físà.

Pápákọ̀ òfuurufú Naxos kúrú, ọkọ̀ ńlá láti London ò lè balẹ̀ síbẹ̀, la bá gba orí omi. Láti ọdún 2022 ni ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ (metro) ti ń gbé èèyàn tààrà láti pápákọ̀ Áténì dé èbúté Piraeus. Ibẹ̀ ni ọkùnrin tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ti bi wá níbi tá a ti wá. A ní Nàìjíríà. Ojú rẹ̀ tàn: “Giannis!” Ẹ̀gbọ́n mi kì í wo bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀, ni mo bá ń ṣàlàyé pé agbábọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ilẹ̀ Gíríìsì ni, pé Adétòkunbọ̀ ni orúkọ bàbá ọmọ náà, pé àwọn Gíríìkì ń pa lẹ́tà méjì pọ̀ kí wọ́n tó rí “d” tàbí “b” kọ, ló fi di Antetokounmpo. Ẹ̀gbọ́n mi kọjú sí ọkùnrin náà, wọ́n ní kó má pè é bẹ́ẹ̀ mọ́, adé ló ti òkun bọ̀. Èrò ti tò sẹ́yìn wa. Wọ́n mú un pè é lẹ́ẹ̀mẹta.

Ọkọ̀ tó rọra ń lọ ni mo yàn, ó lé ní wákàtí márùn-ún. Èyí tó ń sáré máa ń fi èèyàn jù síhìn-ín sọ́hùn-ún, òun náà ni wọ́n sì kọ́kọ́ ń dá dúró tí atẹ́gùn bá le. Ní ìdí ọkọ̀, níbi tí wọ́n ń kó ọkọ̀ akẹ́rù sí, pẹpẹ irin wà fún ẹrù, wọ́n kọ orúkọ erékùṣù kọ̀ọ̀kan sí i. Bá a ṣe ń súnmọ́ Naxos, gbogbo wa dúró síbẹ̀ nínú òkùnkùn àti èéfín ọkọ̀, ṣéènì ń ró kèrèkèrè, ilẹ̀kùn irin ńlá ń rọra wálẹ̀, ìmọ́lẹ̀ rọ́ wọlé. Ohun tá a kọ́kọ́ rí ni Portara, ẹnu ọ̀nà òkúta tẹ́ńpìlì òrìṣà tí wọn ò kọ́ parí láti ọ̀rúndún kẹfà ṣáájú ìbí Jésù.

Etíkun Plaka gùn bíi kìlómítà mẹ́rin. A ń rìn lọ jẹ́jẹ́ lọ́jọ́ kejì nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi dá dúró gbagidi. “Ṣé ìhòòhò ni bàbá yẹn wà ni?” Ìhòòhò ni. Apá ibẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é. Ẹ̀gbọ́n mi fi agboòrùn bojú kọjá, ṣùgbọ́n mo rí i pé wọ́n yọjú.

Oúnjẹ, òkun, oorun. Ọjọ́ mẹ́fà lọ bẹ́ẹ̀.

Meltemi ni wọ́n ń pe atẹ́gùn tó ń ti àríwá fẹ́ wá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn níbẹ̀. Oṣù Keje àti Ìkẹjọ ló ń le jù, mo rò pé a ti yè é. Nígbà tí mo ń ṣètò, mo ní ká sun Áténì lálẹ́ ọjọ́ kan kí bàálù tó gbé wa, ẹ̀gbọ́n mi sì kùn títí pé owó yẹn ṣòfò. Àárọ̀ tó yẹ ká lọ, atẹ́gùn dé. Ó ń gbé iyanrìn lù wá lẹ́sẹ̀ bí abẹ́rẹ́. Wọ́n ní ọkọ̀ kankan ò ní gbéra. Etí èbúté la wà títí ilẹ̀ fi ṣú, omi ń fọ́n sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ Portara. Owó hòtẹ́ẹ̀lì Áténì lọ, ṣùgbọ́n bàálù wa ṣì ku ọjọ́ kan gbáko.

Ọkọ̀ wá láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ẹ̀gbọ́n mi ò sọ̀rọ̀ owó hòtẹ́ẹ̀lì mọ́. Wọ́n bọ́ bàtà, iyanrìn Plaka dà sílẹ̀, wọ́n bi mí pé ìgbà wo ni físà mi máa tán.

Mo ní ó ku ọ̀sẹ̀ méjì.