Torí Ìwé Kakulétọ̀, Mo Fẹsẹ̀ Gbo Ìlọrin

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo ti ní mi ò ní sọ nǹkan kan lórí ọ̀rọ̀ yìí, àmọ́ inú ṣì ń bí mi, inú mi sì tún ń dùn, bó ṣe rí nínú mi gan-an ni mo ṣe máa kọ ọ́.

Àbúrò mi tó wà ní Texas ló fi kakulétọ̀ kan ránṣẹ́ sí mi, TI-84 Plus, irú èyí tó máa ń ya gíráàfù sójú ara ẹ̀. Òun ló lò ó nígbà tó wà níléèwé, ó wá ní kí n máa fi kọ́ àwọn ọmọ mi ní Further Maths. Mo dúpẹ́, mo tún ọpẹ́ dá. Àmọ́ páálí ò sí, mánúà, ìwé tó ń ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń lò ó, ò sí, inú ìbọ̀sẹ̀ ló wé e sí. Mo ra bátìrì kéékèèké mẹ́rin sí i, ó tàn, mo gbé e dé iwájú SS2, mo gbé èjìká sókè, mo ní kí wọ́n sún mọ́ tábìlì. Mo tẹ Y=, mo kọ x² − 2x − 3 sí i, mo ní "ẹ máa wò ó báyìí o", mo wá tẹ GRAPH. Ohun tó jáde ni ERR:INVALID DIM, ìyẹn ni pé àṣìṣe kan wà. Mo tún un tẹ̀, ERR:INVALID DIM. Ọmọ kan lẹ́yìn ní, "Ma, bóyá kò gbọ́ Yorùbá ni." Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ẹ̀tẹ́.

Mo mọ̀ pé ìwé ẹ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ má wulẹ̀ kọ ọ́ sí mi. PDF ẹ̀ wà lórí fóònù mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Àmọ́ ẹ wá sọ fún mi, tí kakulétọ̀ bá wà lọ́wọ́ ọ̀tún, tí fóònù wà lọ́wọ́ òsì, ẹnu ni kí n fi di ṣọ́ọ̀kì mú ni àbí báwo? Kí n máa fi ìka fa ojú ìwé sókè sódò títí tí iná fóònù á fi kú? Ìwé gidi ni mo fẹ́, èyí tó ṣeé tẹ́ sórí tábìlì, tí mo lè fi bírò fa ìlà sí, tí mo lè ká etí ẹ̀ síbi tí mo bá dé.

Bàbá Físíìsì ní ọ́fíìsì wa náà ní kí n bá àwọn wá tiwọn. Kakulétọ̀ Casio, fx-991ES PLUS, ni wọ́n ní, ikán ti jẹ mánúà ẹ̀ tán, fóònù tó ń tan tọ́ọ̀ṣì lásán ni wọ́n sì ń lò. Tiwọn yẹn gan-an ló wúlò jù fún àwọn ọmọ, torí WAEC ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé TI-84 wọ yàrá ìdánwò. Èyí tí kò pariwo, tí kò ní wáyà, tí kò ṣeé kọ program sínú ẹ̀ ni wọ́n gbà. Ti JAMB kò tiẹ̀ sí nínú ọ̀rọ̀, orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n bá jókòó sí ni kakulétọ̀ tiwọn wà. Torí náà, TI fún ìkọ́ni, Casio fún ìdánwò, ìwé méjì ni mo ń wá lọ sí Ìlọrin.

Sátidé, aago mẹ́fà ààbọ̀, mo ti wà ní gáréèjì l'Ómù-Àrán. Wọ́n kó wa mẹ́rin sẹ́yìn. Ẹ gbọ́, àwọn ère òkúta Èsìẹ́ tó ti jókòó láti ayé ọjọ́un sàn jù mí lọ, àwọn yẹn ṣáà ní àpótí ìjókòó tiwọn. Òró, Àjàṣẹ́-Ìpo, Ìdófìàn, mi ò rí ọ̀kankan nínú wọn, èjìká màmá kan ló bo wíńdò. Mo kàn mọ̀ pé a dé Gánmọ torí pé mọ́tò ò lọ mọ́. ₦3,000 ni wọ́n gbà fún ìyà yẹn.

Mo wọ kẹ̀kẹ́ ní Òfà Gáréèjì n'Ílọrin, ó di Post Office. Ṣọ́ọ̀bù ìwé mẹ́ta ni mo kọ́kọ́ wọ̀. Past question wà níbẹ̀ bí ilẹ̀ bí ẹní. Ẹni àkọ́kọ́ ní kakulétọ̀ lòun ní, òun ò ní mánúà, wọ́n ti máa ń yọ ọ́ jù sílẹ̀ kí ọjà tó dé ọ̀dọ̀ òun. Ẹni kejì wọlé lọ tó ogún ìṣẹ́jú, mo ti ń yọ̀ sínú, ó wá gbé four-figure table jáde. Mo ní màmá, èyí kọ́. Wọ́n ní "ṣebí ìṣirò náà ni?" Mo ní ẹ ṣeun, mà. Ẹni kẹta ò dá mi lóhùn rárá, ó ń wo bọ́ọ̀lù.

Ẹni kẹrin ló kó mi sí páńpẹ́. Ṣé wọ́n máa ń kì í pé Ìlọrin Àfọ̀njá, ẹnu dùn juyọ̀? Ti ọmọkùnrin yìí kúrò ní iyọ̀, ṣúgà ni.

"Mummy wa, ẹ wọlé, ẹ jókòó, ẹ jẹ́ kí fáànù fẹ́ sí yín. Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe fún yín?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, kò jẹ́ kí n parí ẹ̀. Ó ní mánúà fx-991ES PLUS orígínà ku ẹyọ kan ṣoṣo, ọmọ Unilorin kan sì ti ní kóun bá a fi pamọ́, àmọ́ nígbà tó jẹ́ pé tíṣà ni mí, òun á tà á fún mi. Ó bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ káńtà, ó gbé e jáde nínú ọ̀rá, wọ́n fi sẹ́lótéèpù yí i po látòkè délẹ̀ bí òkú tí wọ́n fẹ́ lọ sin. Àwòrán kakulétọ̀ náà wà níwájú ẹ̀, àwọ̀ ẹ̀ ń dán.

"Èló ni?"

"₦7,500, torí tiyín ni."

Mo ní ₦2,000. Ó fọwọ́ lérí. Ó ní ṣé ẹ mọ iye táwọn ń ra dọ́là ni. Mo dìde, ó pè mí padà. Mo jókòó. Mo tún dìde. Níkẹyìn ₦4,500 la parí ẹ̀ sí. Mo wá ní ó yá, ẹ jẹ́ kí n tú u wò. Ó ní, "Háà, Mummy, tí a bá ti tú u, kò jẹ́ tuntun mọ́ nìyẹn." Èmi tí mo ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní logic lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, mo gbà. Mo tún kí i pé á tà á jèrè.

Ebi ti ń pa mí, mo yà síbi tí wọ́n ti ń ta àmàlà. Kí wọ́n tó gbé oúnjẹ dé, mo fi eyín já sẹ́lótéèpù. Ojú ìwé aláwọ̀ yẹn nìkan ló wà níwájú, ẹyọ kan. Gbogbo ìyókù jẹ́ fọ́tókọ́pì, wọ́n sì ti sọ ọ́ di kékeré kí ojú ìwé méjì lè wọ bébà kan, lẹ́tà ẹ̀ dà bí èèrà tó ń kó ṣúgà. Etí ọ̀tún ti gé lọ, ìlàjì ọ̀rọ̀ ló ṣeé kà, ẹ lọ máa fi orí ara yín mú ìyókù. Mo rọ́jú, mo ṣí i, mo gbé e sún mọ́ ojú. Lókè pátápátá, ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni fx-82MS.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó dùn mí, torí ẹni tí kò bá lò ó rí lè ní Casio ṣáà ni Casio. fx-82MS ò mọ matrix, kò lè yanjú equation fúnra ẹ̀, tí ẹ bá tẹ MODE, COMP, SD àti REG lẹ máa rí, tí ẹ bá fẹ́ kúrò ní degree, ẹ tún un tẹ̀ sí i. fx-991ES PLUS, MODE ẹyọ kan, nǹkan mẹ́jọ ló máa kó wá bá yín, COMP, CMPLX, STAT títí dé VECTOR, tí ẹ bá sì fẹ́ degree, SHIFT, MODE, kí ẹ tẹ 3. Ó máa ń kọ ìdá bí wọ́n ṣe kọ ọ́ nínú ìwé, ọ̀kan lókè ọ̀kan nísàlẹ̀. Ẹni tó bá mú ìwé ti àkọ́kọ́ lo ti èkejì, àfi bí ẹni tí wọ́n júwe ọ̀nà Jẹ́bà fún tó ń lọ Òfà.

Àmàlà dé, mi ò lè jẹ ẹ́. Gbẹ̀gìrì ẹ̀ tún ṣàn bí omi ìfọṣọ, ₦2,200 pẹ̀lú ẹran kan ṣoṣo tó jẹ́ pé iṣan ni. Mo san owó, mo padà lọ bá ọmọkùnrin.

Ó rí mi lókèèrè, ó gbé fóònù sétí. Mo dúró. Ó sọ̀rọ̀ títí, fóònù náà wá dún lójijì níbi tó ti ń fi sọ̀rọ̀. Mo ní "bọ̀dá, ẹ wo nǹkan tí ẹ tà fún mi." Ó ní ọjà tí a bá tà, a kì í gbà á padà. Ó ní èmi ni mo já a. Ó ní àbúrò ara wọn ni, 82 àti 991. Ibẹ̀ ni mo ti gbàgbé pé "ẹ̀yin" ni mo ń pè é.

"Ìwọ! Ṣé o mọ̀ pé ọgọ́rin kìlómítà ó lé ni mo ti wá? Ṣé màmá ẹ lo lè tà á fún?"

Àwọn èèyàn ti ń pé jọ. Àlhájà kan tó ń ta wàrà lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀ gbé ìgò omi sílẹ̀, wọn ò pariwo, wọ́n kàn ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ẹ̀ẹ̀kejì lóṣù yìí rèé. Dá owó ìyá yìí padà kí n tó pe bàbá ẹ." Ó ka ₦3,000 sí mi lọ́wọ́. Ó ní ₦1,500 tó kù, owó ọ̀rá ni. Ẹ̀yin èèyàn mi, owó ọ̀rá! Mo gbà á jàre, oòrùn ti mú.

Àlhájà yẹn ni Ọlọ́run lò fún mi. Mo ra wàrà lọ́wọ́ wọn láti fi dúpẹ́, ó tutù, ó kún ẹnu, kò kan rárá. Wọ́n wá ní ṣé mo ti dé ọ̀dọ̀ Bàbá oníwèé tó ń pàtẹ lábẹ́ igi lójú ọ̀nà Táíwò. Mo ní rárá. Wọ́n ní kí n lọ, bàbá náà ò gbọ́ Òyìnbó púpọ̀ o, àmọ́ wọ́n kì í ju ìwé nù.

Òótọ́ ni. Orí tapólì ni wọ́n kó gbogbo ẹ̀ sí, ìwé nọ́ọ̀sì, ìwé sáyẹ́ǹsì, àwọn nọ́fẹ́ẹ̀lì tí iwájú wọn ti já. Mo fi kakulétọ̀ mi han bàbá, mo ní ìwé tó bá èyí mu. Wọ́n yí i lọ yí i bọ̀, wọ́n ní "ẹ tú u wò fúnra yín, ọmọ mi, èmi ò mọ̀ wọ́n lórúkọ." Mo tú u tó wákàtí kan, eruku kún imú mi, mo ti ń sín. Lábẹ́ ìwé ìdáná kan ni mo ti rí i, ó nípọn bíi búrẹ́dì, TI-83 Plus. Òǹtẹ̀ iléèwé kan l'Amẹ́ríkà wà nínú ẹ̀.

83 ni, 84 kọ́, mo mọ̀, ọkàn mi já díẹ̀, torí ti 82MS ṣì wà lára mi. Àmọ́ ìyàtọ̀ wà. Ọdún 1999 ni 83 Plus jáde, 84 Plus tẹ̀ lé e ní 2004, bọ́tìnnì méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà, aago àti ojú USB wà lára ohun tí wọ́n fi kún 84. Lẹ́ẹ̀kan yìí o, mi ò san kọ́bọ̀ kí n tó dán an wò. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì bàbá, mo ṣí ibi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ gíráàfù. Wọ́n ya ojú Y= síbẹ̀, wọ́n ní Plot1, Plot2, Plot3 tó wà lókè, tó máa ń ya nọ́ńbà tí èèyàn bá kó sínú ẹ̀rọ, èyí tó bá dúdú nínú wọn ti wà ní títàn. Mo wo tèmi. Plot1 dúdú kirikiri! Àbúrò mi ló tàn án fi sílẹ̀, ó nu nọ́ńbà tó yẹ kó yà, ẹ̀rọ wá ń wá ohun tí kò sí. Mo fi ọfà gòkè dé orí ẹ̀, mo tẹ ENTER, ó pa. Mo tẹ ZOOM, mo tẹ 6.

Ìlà náà bẹ̀rẹ̀ sí í yà láti apá òsì, díẹ̀díẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀, ó gba −1 kọjá, ó dé ìsàlẹ̀ ní −4, ó tún gòkè gba ojú 3. Mo kígbe. Bàbá bẹ̀rẹ̀ wò ó, wọ́n ní "ṣé tẹlifíṣọ̀n ni?" Mo ní rárá bàbá, gíráàfù ni. Wọ́n ní "ó jọ igbá." ₦1,000 ni wọ́n pè é, mi ò ná an rárá, mo fi wàrà tó kù lé e.

Ti Casio, Tánkẹ ni mo ti rí i yanjú, lọ́dọ̀ àwọn ọmọ tó ń ṣe fọ́tókọ́pì fún àwọn ọmọ Unilorin. PDF wà lórí sáìtì Casio fúnra wọn, lọ́fẹ̀ẹ́, mo fi ránṣẹ́ sí ọmọ náà lórí WhatsApp, ó tẹ̀ ẹ́ jáde, ó fi spiral dè é, ₦2,600, kò tó ìdajì wákàtí. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni iná fi lọ. Ẹ̀yin tí ẹ bá máa ṣe irú ẹ̀, ẹ wo nọ́ńbà tó wà lójú kakulétọ̀ yín dáadáa, gbogbo lẹ́tà tó tẹ̀ lé e pátá, MS kọ́ ni ES, kí ẹ sì ní kí wọ́n tẹ ojú ìwé kan sí bébà kan. Ọmọ yẹn fẹ́ fún mi ní méjì lórí bébà kan, mo ní láéláé. Ẹni tó bá sì ní kí ẹ má tú ọjà wò, ẹ dìde.

Mo délé lálẹ́, ẹ̀yìn ń dùn mí. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo fún Bàbá Físíìsì ní tiwọn, wọ́n ṣí i, wọ́n fi ọwọ́ nu ojú ìwé, wọ́n ní "tíṣà, wọ́n tẹ̀ ẹ́ dáadáa o." Wọ́n wá rí ti TI lórí tábìlì mi, wọ́n ní kí n jẹ́ káwọn fi ojú kàn án kó tó di ìgbà ìsinmi ọ̀sán. Òní ti di Fúráìdè. Mo ní kíláàsì SS2 ní aago mẹ́wàá, mi ò tíì rí ìwé mi.