Ọrùn Búbá Tí Mo Tú Lẹ́ẹ̀mẹrin

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ télọ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi rán bébà kí ọ̀gá mi tó jẹ́ kí n fọwọ́ kan aṣọ. Bébà àpò sìmẹ́ǹtì ni. Wọ́n á fi bírò fa ìlà sí i, èmi á yọ òwú kúrò lójú abẹ́rẹ́, màá wá máa tẹ maṣíìnì Butterfly lórí ìlà náà. Ibi tí ẹsẹ̀ mi bá ti yára ju ọwọ́ mi lọ, ihò abẹ́rẹ́ á ti yà kúrò lójú ìlà. Inú ń bí mi. Mo ti jáde girama, mo rò pé wọ́n kàn ń fi àkókò mi ṣòfò ni.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ ọrùn búbá gan-an ni mo fẹ́ sọ. Iléyá ku ọjọ́ mẹ́fà. Àǹkárá oníbàárà kan ni, ọpẹ́lọpẹ́ pé kì í ṣe léèsì, ì bá ti ya. Mo gbá etí ọrùn rẹ̀, ó hunjọ. Ọ̀gá mi ò pariwo. Wọ́n yí inú rẹ̀ síta, wọ́n gbé e síwájú mi: "Tú u." Mo tú u, mo tún un rán, ó tún hunjọ. "Tú u." Nígbà kẹta, ẹkún ni mo fi ń tú u.

Ìgbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kẹrin ni wọ́n fa àga wọn sún mọ́ mi, wọ́n ní kí n fi ìka tọ́ etí ibi tí mo rán. Ibi tó bá rí roboto kò lè tẹ́ bí a ò bá fi ẹnu sísọ́ọ̀sì gé etí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ yípo kí a tó yí i padà. Mo mọ̀ ọ́n! Láti oṣù kejì tí mo dé ni wọ́n ti kọ́ mi. Oorun ló ń kùn mí, mo sì fò ó. Ohun tó dùn mí títí dòní nìyẹn: ohun tí mo mọ̀ ni mi ò ṣe.

Ẹ̀gbọ́n kan tó ṣáájú mi nínú ṣọ́ọ̀bù ló ràn mí lọ́wọ́ lórí ìyẹn. Wọ́n máa ń dé ní aago méje, wákàtí kan kí a tó ṣí, wọ́n á fi epo sí maṣíìnì, wọ́n á kọ iṣẹ́ ọjọ́ náà sínú ìwé ìwọ̀n wọn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn dé.

Ẹ má bínú sí ẹni tó ń dá iṣẹ́ yín padà. Ọ̀gá tí ọ̀rọ̀ yín ò kàn, ńṣe ló máa tún un rán fúnra rẹ̀, á gbé e fún oníbàárà, ẹ ò sì ní mọ ibi tí ẹ ti ṣìṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi yín ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́ láìfi iṣẹ́ hàn yín, ẹ tètè sọ fún àwọn òbí yín.

Ọdún mẹ́ta ni mo lò kí n tó gba fíríìdọ̀mù. Ọmọbìnrin kan ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi báyìí, láti Mọ́ńdè ló ti ń rán bébà. Lánàá ó bi mí pé ìgbà wo ni òun máa fọwọ́ kan aṣọ. Mo gbé bébà rẹ̀ sókè síbi ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, àwa méjèèjì jọ ń wo ihò rẹ̀.