Rélùwéè ẹ̀yìnkùlé ní Kábà: ibi tí iṣẹ́ dé

Fún ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ka àkọsílẹ̀ yìí, rélùwéè kékeré tí yóò máa sáré lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé ni mò ń kọ́, kì í ṣe ti orí tábìlì. Mìlímítà 45 ni àlàfo àárín irin méjèèjì. Ìwọ̀n yìí ni ilé iṣẹ́ Lehmann ti Jámánì fi gbé LGB, ọkọ̀ ojú irin ìṣeré wọn, jáde ní 1968, òun náà sì ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ́ rélùwéè sínú ọgbà ń lò títí di òní. Mi ò ra LGB o. Ọwọ́ tíṣà ò tó o.

Gbogbo ẹni tó gbọ́ ló kọ́kọ́ rò pé ti Itakpe ni mo fẹ́ ṣe, torí òun ló sún mọ́ wa jù. Ojú irin kankan ò gba ilẹ̀ Òkun, agbègbè wa níbí, kọjá. Èyí tó wà ní ìpínlẹ̀ Kogi, Itakpe ló ti bẹ̀rẹ̀, ó gba Ajaokuta lọ sí Warri, 2020 ni wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí i fún èrò lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tí iṣẹ́ rẹ̀ ti ń falẹ̀. Àmọ́ ìwọ̀n rẹ̀ ò bá tèmi mu. Mìlímítà 1,435 ni àlàfo irin ti Itakpe. Ọ̀nà 32 la máa pín in sí kó tó bọ́ sí 45. Ti àtijọ́, èyí tó ti Èkó dé Ìbàdàn ní 1901, tó sì so Èkó pọ̀ mọ́ Kánò ní 1912, mìlímítà 1,067 ni, ìyẹn sì máa bọ́ sí nǹkan bí 45 bí a bá pín in sí ọ̀nà 24 péré. Ẹ rí i pé orí irin kan náà ni ọkọ̀ méjèèjì máa sáré, ṣùgbọ́n ara èyí tí a pín sí 24 á tóbi ju èkejì lọ, àyè bátìrì á sì wà níkùn rẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, rélùwéè àtijọ́ ni àwọn àgbà ilé wa mọ̀. Bàbá mi máa ń sọ bí wọ́n ṣe ń wọ lọ́rí lọ sí Ọ̀ffà kí wọ́n tó rí ọkọ̀ ojú irin wọ̀ lọ sí Èkó. Ọ̀ffà ni mo máa kọ sára ibùdókọ̀ mi, ẹni tó bá fẹ́ bínú kó bínú.

Ilẹ̀

Ẹ̀yìnkùlé wa ò tẹ́jú. Àpáta kan yọrí lápá ọ̀tún, igi kajú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àgbàrá sì máa ń gba àárín àwọn méjèèjì kọjá bí òjò bá rọ̀ gidi. Mo ní kí ojú irin yí àpáta po, kó gba abẹ́ kajú, kó sì fi afárá sọdá ojú àgbàrá. Rọ́bà tí àwọn bíríkìlà máa ń bu omi sí láti fi mọ ibi tó tẹ́jú ni mo yá. Ìlànà mi ni pé láàárín mítà kan, ilẹ̀ ò gbọdọ̀ ga ju sẹ̀ǹtímítà 2 lọ. Ọkọ̀ lè gun ibi tó ga ní 3, àmọ́ kọ́ọ̀ṣì tó máa lè fà máa dín kù gan-an.

Níbi tí ọ̀nà ti kọ́rọ̀, mo kan ìṣó mọ́lẹ̀, mo so okùn tó gùn ní mítà 1.2 mọ́ ọn, mo wá ń fi eérú sàmì bí mo ṣe ń yí i lọ. Àwọn irin kọ́rọ̀ tó wà nínú àpótí ìbẹ̀rẹ̀ LGB, sẹ̀ǹtímítà 60 péré ni láti àárín òbíríkítí dé ojú irin. Ọkọ̀ gígùn ò lè fi ìyẹn yí dáadáa, kò tiẹ̀ dára lójú.

Kòtò tó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 15 la gbẹ́, òkúta ló sì kún inú rẹ̀, kí omi lè máa rí ibi jò gbà. Òkúta ò wọ́n níbí. Ọ̀dọ̀ àwọn ìyá tó ń fọ́ òkúta lẹ́bàá títì ni mo ti rà á, mo sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n sẹ́ èyí tó kéré jù sọ́tọ̀ fún mi. Òun ni mo fẹ́ dà sí àárín sílípà, ìyẹn àwọn igi tó dábùú lábẹ́ irin, nígbẹ̀yìn.

Sílípà àti irin

Ikán ló pinnu igi tí mo lò. Àwọn kan ní kí n fi ọ́ìlì mọ́tò tí wọ́n ti lò kun pákó èyíkéyìí. Kì í ṣe irọ́, ikán ò fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀fọ́ tí à ń jẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, mi ò sì fẹ́ kí òjò máa fọ ọ́ìlì lọ bá a. Mo lọ ṣa àjákù igi apá àti ìrókò, tí ikán kì í tètè jẹ, lọ́dọ̀ kápẹ́ńtà àdúgbò.

Baba náà wò mí títí. "Tíṣà, kí lo fẹ́ fi èyí tó kéré báyìí ṣe?"

"Rélùwéè ni, Baba. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi ẹ̀rọ fa ojú ayùn méjì lé e lórí."

Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ rèé. A gé pákó fífẹ̀ sí ègé tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 9 lójú iṣan igi. Ayùn ẹ̀rọ wá la ojú méjì sí i lórí, ó dábùú iṣan náà, jíjìn rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 6. Ẹ̀yìn ìyẹn la ṣẹ̀ṣẹ̀ là á sí wẹ́wẹ́, kálukú fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà kan ààbọ̀. Báyìí, gbogbo sílípà bá ara wọn mu, kò sí ìṣó tí a máa kàn. Apá kì í gba ìṣó tìrọ̀rùn-tìrọ̀rùn, ìṣó á kàn wọ́ ni.

Irin fúnra rẹ̀, alumíníọ̀mù pẹlẹbẹ ni, lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe fèrèsé. Ó nípọn ní mìlímítà 3, ó ga ní 12: ìdajì wọ inú igi, ìdajì yọ sókè. Mo fi òòlù onírọ́bà gbá a wọlé, ó sì há dáadáa. Ọwọ́ lásán ló tó láti tẹ̀ ẹ́ sí kọ́rọ̀. Ẹ má gbàgbé pé irin ìta máa ń gùn ju ti inú lọ: bí ó bá yí odindi òbíríkítí po, ìyàtọ̀ náà tó sẹ̀ǹtímítà 30. Ẹ tún fi àlàfo sílẹ̀ níbi tí irin ti pàdé irin. Ọ̀pá alumíníọ̀mù tó gùn ní mítà 3 máa fi mìlímítà 2 gùn sí i bí oòrùn bá fi ìwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì 30 mú un gbóná sí i, oòrùn ibí sì ń ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí irin.

Iná

Ojú irin ni iná sábà máa ń gbà dé inú irú ọkọ̀ yìí, ẹni tó bá sì mọ̀ nípa rẹ̀ ti ń mira pé ojú irin alumíníọ̀mù ò dáa fún un. Òótọ́ ni, ara rẹ̀ máa ń bo ara rẹ̀ pẹ̀lú ìpele tí iná kì í gbà kọjá. Idẹ ni àwọn ará òkè òkun ń lò, wọ́n á sì tún máa nu eruku àti ewé kúrò lórí rẹ̀. Èmi ò fẹ́ kí iná gba ojú irin rárá. Bátìrì líthíọ̀mù mẹ́ta tí a so tẹ̀lé ara wọn máa fún mi ní nǹkan bí fóltì 11, wọ́n á wà nínú ọkọ̀, sólà orí òrùlé á sì máa bá mi gba agbára sí wọn. Ẹ̀rọ ààbò kékeré tó ń dá iná dúró bí bátìrì bá kún tàbí tó gbẹ ṣe pàtàkì. Ẹ má ṣe torí owó fi í sílẹ̀.

Ojú irin ti yí àpáta po tán. Ti abẹ́ kajú ló kù, àti afárá.

Ẹsẹ̀ ọkọ̀ ló kàn. Mo ti bá ẹnìkan tó ń fi ẹ̀rọ léèdì gbẹ́ irin sọ̀rọ̀. Mo ya àwòrán fún un: mìlímítà 31 ni ìbú òbíríkítí rẹ̀ níbi tó ń tẹ irin, etí tó yọ díẹ̀ lápá inú kó má baà bọ́, àti mìlímítà 40 láti ẹ̀yìn ẹsẹ̀ kan dé ẹ̀yìn èkejì. Ó ní òun lè ṣe é, àmọ́ kí n mú ọ̀pá irin wá fúnra mi. Bí ẹnikẹ́ni láàárín Kábà sí Lọ́kọ́ja bá ní àjákù ọ̀pá tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 4, mo ṣetán láti wá gbé e.