Ọyẹ́ yìí le, àmọ́ ó dùn mọ́ mi

Ọyẹ́ fẹ́ lónìí ní Ògbómọ̀ṣọ́ o! Gbogbo igi kaṣú ló ń mì. Èmi àti àbúrò mi gbé paraglider, aṣọ ńlá olókùn tí wọ́n fi ń fò lójú ọ̀run, lọ sí pápá gbalasa kan lẹ́yìn ìlú. A ò fò. Orí ilẹ̀ la ti ń kọ́ bí a ṣe ń darí aṣọ rẹ̀.

Tí atẹ́gùn bá le báyìí, aṣọ lèèyàn ń kọjú sí, á kẹ̀yìn sí atẹ́gùn. Mo rọra fa àwọn okùn iwájú, aṣọ gbéra fìrì, mo sì ń rìn tọ̀ ọ́ lọ bó ṣe ń gòkè kó má baà wọ́ mi. Nígbà tó dúró sórí mi gangan, tí okùn bíréèkì méjèèjì tí a fi ń darí rẹ̀ ń gbọ̀n lọ́wọ́ mi, inú mi dùn dénú egungun.

Àfi bí atẹ́gùn ṣe tún le sí i lójijì. Àbúrò mi pariwo, "Bọ̀dá, ẹ fa tẹ̀yìn!" Mo fa okùn ẹ̀yìn wálẹ̀, aṣọ náà rọ̀ wọ̀ọ̀, ó balẹ̀ sínú eruku.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́ ọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí okùn ẹ̀yìn yẹn mọ́ yín lọ́wọ́. Tó bá jẹ́ bíréèkì nìkan lèèyàn fà, ó lè gbé e kúrò nílẹ̀. Ẹ sì dé akoto.