Gbèsè tí mi ò jẹ, èmi ni wọ́n wá bá

Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan la jọ ń ṣe búlọ́ọ̀kù l'Ádó, lọ́nà Ìkẹ́rẹ́. Láàárọ̀ Mọ́ńdè kan, mò ń bu omi sórí búlọ́ọ̀kù lọ́wọ́ ni oní-sìmẹ́ńtì gbé ìwé gbèsè dé, ọ̀rẹ́ mi ló rà á láwìn, mi ò tiẹ̀ gbọ́ sí i rárá. Mo ní kó lọ bá a, ó ní "Bọ̀ọ̀dá, ẹ̀yin méjèèjì, ọ̀kan náà ni."

Òótọ́ ló sọ o. Òfin tiwa, látinú òfin Gẹ̀ẹ́sì ti 1890 ló ti wá, kò ka pátínáṣípù, ìyẹn òwò àjọṣe, sí ẹni lọ́tọ̀ tó lè jẹ gbèsè fúnra ẹ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ jọ ń ṣe é ló mọ̀, gbèsè yẹn lè wọ ilé àti mọ́tò yín. Orúkọ bísínẹ́ẹ̀sì tá a fi sílẹ̀ ní CAC, àjọ tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, ò yí i padà, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣìnà, ó sì ń dùn mí. Scotland, òfin 1890 yìí kan náà ni, ṣùgbọ́n tiwọn jẹ́ ẹni lọ́tọ̀. Ní Faransé, tí wọ́n bá ti rẹ́jísítà ẹ̀, ó dá dúró nìyẹn.

CAMA 2020, òfin ilé-iṣẹ́ ní Nàìjíríà, ti gbé LLP, pátínáṣípù tí gbèsè ẹ̀ ní ààlà, wá fún àwa náà, òun ló ń dá dúró, òun la sì ń lọ ṣe báyìí. Owó sìmẹ́ńtì yẹn ṣì ku ìdajì.