Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nípa ìrora tí kì í dúró de àsìkò oògùn

Nígbà tí jẹjẹrẹ wọ egungun ìyá mi, ní Ìjẹ̀bú-Òde, ohun tó kọ́kọ́ rú wa lójú nínú ilé ni pé ọ̀nà méjì là ń gbà lo mọ́fíìnì olómi, oògùn ìrora tó lágbára, tí wọ́n kọ fún wọn. Èkíní ni ti aago: wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin, ìrora wà, ìrora kò sí, ẹ fún wọn. Èkejì ni ti ìrora tó bá ṣàdédé yọjú láàárín. Ọ̀kan ò gba ipò èkejì o. Bí ẹ bá lo ti àárín ní aago mẹ́sàn-án, tí aago mẹ́wàá sì lù, ẹ ṣì máa fún wọn ní ti aago mẹ́wàá.

Dókítà ló ń ṣírò iye ti àárín. Ó sábà máa ń jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́fà gbogbo èyí tí aláìsàn ń lò lójúmọ́. Ẹni tó ń lo mílígíráàmù 10 ní wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin ń lo 60 lójúmọ́. 10 ni ti àárín. Ẹ jọ̀ọ́, mílígíráàmù (ìwọ̀n oògùn fúnra rẹ̀) kọ́ ni mílílítà (ìwọ̀n omi tó wà nínú rẹ̀)! Ìgò kan lè ní mílígíráàmù 5 nínú mílílítà 5, òmíràn á ní 10 nínú mílílítà 5 kan náà. Ẹ ka ara ìgò nígbàkígbà tí ẹ bá gba tuntun, síríńjì tí kò ní abẹ́rẹ́ ni kí ẹ sì fi wọ̀n ọ́n, kì í ṣe ṣíbí ọbẹ̀.

Ìyá mi a máa pa ìrora mọ́ra. Nọ́ọ̀sì tó ń wá sílé ló rọ̀ wọ́n: "Mọ́mì, bó bá ti ń bẹ̀rẹ̀ ni kẹ́ ẹ sọ." Ó máa ń tó ìdajì wákàtí kí mọ́fíìnì àmu tó mú ìrora náà. Bí wọ́n bá ti ń di etí ibùsùn mú, tí wọn ò dá wa lóhùn mọ́, a ti mọ̀.

Ìrora tí ẹ bá mọ ohun tó ń fà á, ẹ ṣáájú rẹ̀. Ìwẹ̀ ni ti ìyá mi. Ìdajì wákàtí ṣáájú omi, a ti fún wọn. Lọ́jọ́ Ojúde Ọba, wọ́n ní àwọn fẹ́ wọ aṣọ rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ (ẹgbẹ́ ọjọ́ orí) wọn, kí àwọn jókòó síta wo ẹlẹ́ṣin. Oògùn la kọ́kọ́ fún wọn kí a tó gbé wọn dìde. A ò tíì wé gèlè náà tán tí wọ́n ti ń bá wa jà pé kò jókòó dáadáa. Inú mi dùn sí ìjà yẹn.

Àbúrò wọn kan bẹ̀rù pé oògùn náà á di bárakú. Ẹni tó ń lò ó fún ìrora, bí dókítà ṣe là á sílẹ̀, kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Àìrígbẹ́yà ni kí ẹ múra dè: ẹ béèrè oògùn tó ń mú inú rọ̀ láti ọjọ́ kìíní.

Ẹ fi ìwé kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgò. Ẹ kọ aago, iye, ohun tí wọ́n ń ṣe kí ìrora tó dé, àti bó ṣe rí lẹ́yìn wákàtí kan. Bí ti àárín bá ti ń ju mẹ́ta, mẹ́rin lọ lójúmọ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ti aago ni kò tó mọ́. Ẹ gbé ìwé náà tọ dókítà lọ, ẹ má fi kún un fúnra yín. Bí wọ́n bá sì sùn tí ẹ ò lè jí wọn, tàbí tí mímí wọn ń falẹ̀, ẹ má fún wọn ní òmíràn, ẹ pe àwọn tó ń tọ́jú wọn lójú ẹsẹ̀.