Bí a ṣe ti àpótí iná bọ inú ààrò tó ń jẹ ooru ilé wa

13 Oṣù Kẹsàn-án, 2025

Ẹni tó bá rí ààrò inú pálọ̀ wa á rò pé olówó ló ń gbé ilé yìí. Bíríkì pupa ni wọ́n fi mọ ọ́n, pákó orí rẹ̀ ń dán, ẹnu rẹ̀ sì fẹ̀ débi pé ọmọ ọdún mẹ́ta lè dúró sínú rẹ̀. Worcester ní ìpínlẹ̀ Massachusetts la wà, ọdún 1928 ni wọ́n kọ́ ilé náà. Ìgbà òtútù mẹ́rin la ti ń dáná sí ààrò yìí. Ó lẹ́wà lóòótọ́, àmọ́ iṣẹ́ ni kò mọ̀ ọ́n ṣe.

Lọ́dún tó kọjá ni àṣírí rẹ̀ tú sí mi lọ́wọ́. Mo gbé ẹ̀rọ tó ń wọn ooru sí yàrá àwọn ọmọ lókè, mo wá dá iná ńlá nísàlẹ̀. Lẹ́yìn wákàtí méjì, èmi tí mo jókòó níwájú iná ń làágùn, àmọ́ yàrá òkè ti já láti 66 sí 61 Fahrenheit. Mo ya tíṣù tẹ́ẹ́rẹ́ kan, mo nà án sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ilé ìdáná, ńṣe ló ń fì sínú ilé. Iná gbayawu ń fa afẹ́fẹ́ ilé gba ihò èéfín lọ sókè, afẹ́fẹ́ tútù sì ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé wá rọ́pò rẹ̀. A ń ra epo láti fi mú ilé gbóná, a tún ń dáná igi láti fi lé ooru náà jáde.

Nítorí náà, mo ra insert. Àpótí irin nípọn ni, ó ní ilẹ̀kùn gíláàsì, wọ́n máa ń tì í bọ inú ààrò àtijọ́, páìpù tirẹ̀ á sì gba inú ihò èéfín dé òkè òrùlé. Ìwọ̀nba afẹ́fẹ́ tó nílò ló ń mu. Lókè ikùn rẹ̀ ni àwọn ọ̀pá oníhò wà tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gbígbóná lu èéfín. Bí inú rẹ̀ bá ti gbóná tó nǹkan bí 1,100 Fahrenheit, èéfín fúnra rẹ̀ á gbiná. Ààrò gbayawu kì í sábà fi ju nǹkan bí 10% ooru igi sílẹ̀ fún onílé. Ti àpótí tí mo rà jẹ́ 76%, wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀.

76% yẹn lówó nínú o. Ìjọba àpapọ̀ ń yọ 30% iye tí èèyàn ná, kó má ṣáà ju 2,000 dọ́là lọ, kúrò nínú owó orí ẹni tó bá fi àpótí tó dé 75% sílé. Àmọ́ òfin tí wọ́n fọwọ́ sí lóṣù Keje ti ní kí ó parí pẹ̀lú ọdún 2025. Eré la máa fi ṣe é.

27 Oṣù Kẹsàn-án

Mo ti gba ìwé àṣẹ ní ọ́fíìsì ìlú. Dandan ni ní ìpínlẹ̀ yìí.

Àbúrò ìyàwó mi, tó kọ́ṣẹ́ wẹ́dà ní Ìbàdàn kó tó wá síbí, ló ń bá mi ṣe é. Iwájú ààrò ni mo kọ́kọ́ wọ̀n: 36 ínṣì. Inú mi dùn. Ó ní, “Bùọ̀dá, ẹ wọn ẹ̀yìn náà.” Ẹ̀yìn jẹ́ 28, ògiri ẹ̀yìn sì tún ń dà síwájú bó ṣe ń lọ sókè. A gé páálí fíríìjì, a lẹ̀ ẹ́ pọ̀ bí àpótí náà ṣe rí gẹ́lẹ́, a sì tì í wọlé. Ó wọlé, ó ku ínṣì kan péré lókè. Páálí kò ná wa ní kọ́bọ̀, ó sì gbà wá lọ́wọ́ ìtìjú.

4 Oṣù Kẹwàá

Lónìí la gé irin tó dí ọ̀fun ààrò, èyí tí wọ́n ń ṣí nígbà tí wọ́n bá fẹ́ dáná tí wọ́n sì ń pa dé lẹ́yìn rẹ̀. Páìpù kò lè gba ibẹ̀ kọjá bí irin náà bá wà níbẹ̀. Wákàtí mẹ́ta gbáko, ẹ̀dú 1928 bò wá lórí. Nígbà tí a jáde, ọmọ mi obìnrin kò mọ ta ni bàbá rẹ̀ nínú wa.

Àwo irin kékeré kan wà nínú páálí tí àpótí náà bá wá. Ohun tí wọ́n kọ sí i ni pé wọ́n ti yí ààrò yìí padà, kí ẹnikẹ́ni má dáná gbayawu sínú rẹ̀ mọ́ láìjẹ́ pé ẹni tó mọṣẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Mo kàn án mọ́ bíríkì nínú lọ́hùn-ún. Ẹni tó máa ra ilé yìí lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ iwájú kò ní mọ̀ pé a ti gé irin ọ̀fun.

11 Oṣù Kẹwàá

Iṣẹ́ dúró. Mo jókòó sórí òrùlé bí ẹyẹ tí òjò pa.

Páìpù irin tí kì í dípẹtà, ínṣì mẹ́fà ní ìbú, la fẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Ihò èéfín, tí wọ́n fi amọ̀ sísun tẹ́ nínú, fẹ̀ tó ínṣì mẹ́fà àti ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Mo rò pé ó ti tó. Mo gbàgbé bùláńkẹ́ẹ̀tì, aṣọ nípọn tí kì í jóná, tó máa yí páìpù ká kí èéfín inú rẹ̀ má bàa tutù, ìlàjì ínṣì lọ́tùn-ún, ìlàjì lósì. Ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló ń ṣe ìṣirò yẹn.

Aládùúgbò wa dúró nísàlẹ̀, ó ní kí n bọ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì dànù, pé àpótí tí bàbá òun tì bọ ààrò nígbà ayé rẹ̀ kò tiẹ̀ ní páìpù rárá. Òótọ́ ló sọ. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é láyé ọjọ́un nìyẹn: wọ́n á ti àpótí wọlé, èéfín á máa rìn gbéregbère nínú ihò ńlá, á tutù, á sì di ọ̀dà dúdú sára ògiri. Bí ọ̀dà yẹn bá gbiná lọ́jọ́ kan, ilé ló ń bá a lọ. Ihò èéfín tiwa wà lára ògiri ìta, yìnyín ń lù ú láti ìhà mẹ́ta. Mi ò bọ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì.

25 Oṣù Kẹwàá

Àwọn tó ń fọ ihò èéfín ló bá wa fọ́ amọ̀ náà dànù. Wọ́n so irin kan tó ní ẹ̀wọ̀n mọ́ orí ọ̀pá gígùn, wọ́n ń fi ẹ̀rọ yí i bí wọ́n ṣe ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀, amọ̀ ń já lulẹ̀ gbì, gbì, gbì. 1,100 dọ́là tí mi ò fọkàn sí. Ìyàwó mi kò sọ nǹkan kan, ó kàn ń wo ìwé owó náà.

Lọ́sàn-án la sọ páìpù kalẹ̀. Mo wà lókè, àbúrò wà nísàlẹ̀ pẹ̀lú okùn tí a so mọ́ ìdí páìpù. “Fà á!” “Mo ti ń fà á!” “O ò fà á!” “Bùọ̀dá, ẹ̀yin lẹ ò jẹ́ kó lọ!” Ọwọ́ mi ló di bùláńkẹ́ẹ̀tì mú, mi ò mọ̀. Nígbà tí mo tú u sílẹ̀, ó wọlẹ̀ lọ́wọ́ kan.

1 Oṣù Kọkànlá

Iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kì í sọ fún èèyàn nílé ìtajà nìyí, òun ló sì jẹ mí lógún jù. Lẹ́yìn tí páìpù bá ti gba ọ̀fun ààrò kọjá, àyè ṣì ṣẹ́ kù yí i ká. Bí a bá fi í sílẹ̀, ooru tó ń jáde lẹ́yìn àpótí á gba ibẹ̀ gòkè, á máa yá bíríkì lásán. A ní láti fi páànù dí i.

Ọ̀fun náà kò dọ́gba níbì kankan. Mo dùbúlẹ̀ sínú ààrò pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì lẹ́nu, mo tẹ páálí mọ́ ògiri, mo fi ìka tẹ etí rẹ̀ kí àmì bíríkì lè hàn. Àbúrò fi àlùmágàjí páànù gé e sí méjì kí ó lè gbá páìpù mú lápá ọ̀tún àti lápá òsì, ó tẹ etí rẹ̀ sílẹ̀ ní ínṣì kan yíká, a lu ihò sí bíríkì, a fi síkúrù dè é. A ti òwú àpáta, èyí tí kì í jóná, bọ òkè rẹ̀, a sì fi àtè tó ń gba ooru dí gbogbo ojú ìpàdé. Mo gbé àtẹ́lẹwọ́ sábẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn náà. Láti ìgbà tí mo ti ra ilé yìí, afẹ́fẹ́ tútù máa ń rọ̀ sílẹ̀ níbẹ̀ bí omi. Mi ò mọ nǹkan kan lára mọ́.

13 Oṣù Kọkànlá

A ti gbé àpótí wọlé ní Sátidé, èèyàn mẹ́rin lórí kìlógíráàmù 190. Ìwé rẹ̀ ní kí ohun tí kì í jóná wà nílẹ̀ tó ínṣì 18 níwájú ilẹ̀kùn. Tiwa jẹ́ 16, nítorí náà mo fi ìlà táìlì kan kún un. Ayẹ̀léwò ìlú dé láàárọ̀ yìí. Ó ka ohun tí wọ́n kọ sára àpótí, ó wọn táìlì, ó béèrè ibi tí agogo tó ń kìlọ̀ fún gáàsì olóró wà, ó sì fọwọ́ sí i.

15 Oṣù Kọkànlá

Iná kékeré mẹ́ta la kọ́kọ́ dá, kí ọ̀dà ara irin lè gbẹ. Gbogbo fèrèsé la ṣí, òórùn rẹ̀ le.

Ìkẹrin ni iná gidi, ó sì dójú tì mí. Gíláàsì dúdú láàárín ogún ìṣẹ́jú, igi ń súfèé, omi ń hó ní ìdí rẹ̀ bí ẹni ń din àkàrà. Màámi, tó wá kí wa láti Ìsẹ́yìn, dìde lórí àga. Ó mú igi méjì nínú èyí tó kù, ó fi ọ̀kan gbá èkejì: pọ̀.

“Àkànní, igi rẹ tutù.”

“Màámi, ẹni tó tà á fún mi ní ó ti gbẹ dáadáa.”

“Ẹnu ẹ̀ ló gbẹ.”

Igi gbígbẹ máa ń dún ko. Mo la ọ̀kan, mo gún ẹ̀rọ tó ń wọn omi bọ ojú ibi tí mo là: 34%. Kò yẹ kó ju 20 lọ. Igi oak ni, ọdún méjì gan-an ló máa ń fẹ́ kó tó gbẹ tán. Màámi ní bí wọ́n bá ta igi àyìn tó rí báyìí fún òun ní Ìsẹ́yìn, òun á rù ú padà lọ bá ẹni tó tà á ni. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Providence ní kí n kó igi tutù náà wá fún òun, mo ní kò ṣeé ṣe. Láti ọdún 2008 tí wọ́n ti rí kòkòrò ajẹgi láti ilẹ̀ Éṣíà ní Worcester, tí wọ́n gé igi tó lé ní 30,000 nítorí rẹ̀, òfin kò gbà kí irú igi ìdáná bẹ́ẹ̀ jáde kúrò ní àdúgbò yìí.

Ìyẹ̀fun pákó tí wọ́n tẹ̀ pọ̀ bíi bíríkì ni mo rà fi rọ́pò, pẹ̀lú igi ash díẹ̀ tó gbẹ. Ìyàtọ̀ rẹ̀ kò gba àlàyé. Lójú gíláàsì la ti ń rí i: iná igi nísàlẹ̀, iná mìíràn lókè tí kò fara kan igi rárá, tó ń yọ lẹ́nu ọ̀pá wọ̀nyẹn bí èyí tó ń yọ lẹ́nu sítóòfù gáàsì. Mo jáde lọ wo òrùlé. Kò sí èéfín, ooru tó ń mi lójú ọ̀run nìkan ni.

6 Oṣù Kejìlá

Mo tún ṣe àyẹ̀wò ti ọdún tó kọjá. Wákàtí méjì, igi mẹ́ta péré: pálọ̀ 74, yàrá àwọn ọmọ 67. Tíṣù kò fì mọ́.

Ohun kan ṣoṣo tó tún fẹ́ dà wá láàmú ni igi gígùn kan tó tẹ̀. Mo fi tipá ti ilẹ̀kùn, ó kọ, etí igi ti kan gíláàsì. Igi wọ́rọ́kọ́ tí ń da iná rú, tiwa fẹ́ fọ́ gíláàsì. Mo ń gé gbogbo rẹ̀ sí ínṣì 16 báyìí.

Oak tutù yẹn wà lẹ́yìn ilé lórí pákó, mo bo orí rẹ̀, mo sì fi ọ̀dà funfun kọ 2027 sí i lára. Fáànù àpótí ṣì ń kùn bí agbọ́n bí mo bá yí i sí ìpele kejì. Sátidé tó ń bọ̀ ni màá tú u wò.